Òfin Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ: Muriel Siebert àti Ọjà Ṣíà New York

  

Ọ̀rọ̀ owó àti òwò la máa ń sọ lórí ètò yìí. Lónìí, n kò ní bá yín sọ̀rọ̀ ṣíà tó gbówó lórí tàbí èyí tó já wálẹ̀. Ènìyàn kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò. Obìnrin ni. Muriel Siebert ni orúkọ rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa pè é ní Mickie. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ra àyè alágbàtà ní ọjà ìpín ìdókòwò ìlú New York, ní Amẹ́ríkà.

Ẹnìkan lè máa sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, kí ló kàn mí kan obìnrin Amẹ́ríkà? Ó kàn ọ́, ọ̀rẹ́ mi. Mélòó nínú wa ni wọn kò tíì dá padà lẹ́nu ọ̀nà rí, tí wọ́n ní, "A kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ níbí"? O béèrè pé ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò sẹ́ni tó lè mú ìwé kankan jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Muriel Siebert gan-an nìyẹn, ohun tó sì ṣe sí i ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ ọjà náà yé ara wa. Kí ni ṣíà? Iléeṣẹ́ ńlá kan nílò owó. Ó wá pín ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó ń tà á fún aráàlú. Ẹni tó bá rà nínú rẹ̀ ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni iléeṣẹ́ náà, bó ti wù kí tirẹ̀ kéré tó. Tó bá ṣe, ẹni náà fẹ́ ta tirẹ̀. Ibo ni yóò ti rí ẹni tí yóò rà á? Ọjà ìpín ìdókòwò ni. Tiwa wà ní Èkó, ní òpópónà Customs, ní Erékùṣù Èkó. Ti New York wà ní Wall Street. Ṣùgbọ́n ìwọ tàbí èmi kò lè dédé wọ inú ọjà bẹ́ẹ̀ lọ ná ṣíà. Alágbàtà ló ń bá wa ná an, a ó sì sanwó iṣẹ́ fún un.

Ní New York láyé ìgbà tí Muriel fẹ́ wọ ọjà, kì í ṣe gbogbo alágbàtà ló láṣẹ láti tà tàbí láti rà nínú gbọ̀ngàn ọjà. Ó gbọ́dọ̀ ra àyè. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó dà bí ìsọ̀ inú ọjà tí iye rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀ sí i mọ́: bí ẹnìkan kò bá ta tirẹ̀, ẹlòmíràn kò ní rí rà. Iye àyè tó wà nígbà náà kò ju 1,366 lọ. Ọkùnrin ló ni gbogbo wọn.

Láti ìgbà wo? Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọdún 1792 ni àwọn alágbàtà mẹ́rìnlélógún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Wall Street. Ìtàn sọ pé abẹ́ igi ńlá kan ni wọ́n ti ń pàdé. Ohun méjì ni wọ́n fẹnu kò lé lórí. Èkíní, àwọn yóò máa bá ara wọn ṣòwò kí àwọn tó bá ẹlòmíràn ṣe é. Èkejì, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ tó kéré sí iye tí wọ́n dá. Ẹ dákun, ẹ fi ohun kejì yẹn sọ́kàn. A ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n ti bí Muriel, ní ọdún 1928. Dókítà eyín ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ohùn orin tó dára gidigidi, débi pé wọ́n wá pè é kó wá máa kọrin lórí ìtàgé. Àwọn ẹbí ní rárá o, Júù ni wọ́n, ọmọbìnrin ilé rere kì í lọ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá náà jókòó sílé. Muriel sọ lẹ́yìn náà pé ìbànújẹ́ yẹn kò kúrò lára ìyá òun títí ayé rẹ̀, òun sì pinnu pé bó bá ṣe tòun, ohun tó bá wu òun lòun ó ṣe. Ṣé ẹ rí i? Kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ṣíà tí "a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀" ti wọ inú ilé wọn.

Ó wọ yunifásítì ní Cleveland níbẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ kọlu bàbá rẹ̀, kò sì lè parí ẹ̀kọ́ náà. Kò gboyè. Ní ọdún 1954, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ àlòkù kan, Studebaker, ó mú dọ́là 500 dání, ó di New York.

Ibì kan wà níbí tí kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n n kò ní fò ó. Ó lọ wá iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ alágbàtà Merrill Lynch. Wọ́n bi í pé ṣé ó gboyè. Ó ní òun kò gbà á. Wọ́n ní kó máa lọ. Ó lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n ní kò gbọ́ èdè tó pọ̀ tó. Nígbà tó dé iléeṣẹ́ Bache, tí wọ́n tún béèrè oyè, ó ní òun ti gbà á. Wọ́n gbà á síṣẹ́, dọ́là 65 lọ́sẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Ní ti Muriel, òun fúnra rẹ̀ ló padà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba. N kò gba ọmọ ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó purọ́ nítorí iṣẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ èyí náà: nínú gbogbo ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sí ọjọ́ kan tí ìwé ẹ̀rí tí kò ní dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n fún un? Ẹ̀ka ìwádìí ni wọ́n fi í sí. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń ka ìwé ìṣirò owó àwọn iléeṣẹ́. Kí ni iléeṣẹ́ yìí ní? Kí ló jẹ? Èló ló ń wọlé, èló ló ń jáde? Ṣé ó tọ́ kí èèyàn ra ṣíà rẹ̀ àbí kó jìnnà sí i? Ẹni tó jókòó ti ìwé báyìí láti àárọ̀ di alẹ́ ni Muriel. Ó sọ pé bí òun bá ti wo ojú ewé tó kún fún nọ́ńbà, ńṣe ni àwọn nọ́ńbà náà máa ń tàn yanran lójú òun. Ẹ̀bùn ni. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò, ẹ má ṣe sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Àwọn àgbà ẹ̀ka náà kó èyí tí wọn kò fẹ́ fún un. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lé e lọ́wọ́, nítorí lójú tiwọn, owó kò sí níbẹ̀. Wọ́n kó ti àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù mọ́ ọn. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ẹ̀tì dé, ó yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì, ó sì ń kó èrò púpọ̀ sí i. Iṣẹ́ tí àwọn àgbà jù sílẹ̀ wá di iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń béèrè. Ti fíìmù náà ńkọ́? Ó rí i nínú ìwé àwọn iléeṣẹ́ náà pé wọ́n ti ka àwọn fíìmù àtijọ́ wọn sí ohun tí kò níye lórí mọ́. Bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ti wọ ilé aráàlú, ó sì ń wá ohun tí yóò máa fi hàn. Ìṣúra wà nínú àká, àwọn tó ni ín kà á sí pàǹtí. Ọmọbìnrin tó ń gba dọ́là 65 ló rí i.

Bí ó ṣe ń mọ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà ńlá ń béèrè rẹ̀. Ṣé owó rẹ̀ wá bá ti àwọn ọkùnrin dọ́gba? Rárá o. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ń gbà jù ú lọ dáadáa. Ó kúrò ní iléeṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn nítorí ọ̀rọ̀ owó oṣù yìí. Nígbà kan, ó kọ ìwé wáṣẹ́wáṣẹ́, orúkọ rẹ̀ sì wà lókè: Muriel Siebert. Kò sẹ́ni tó pè é. Ìwé kan náà tún lọ lẹ́ẹ̀kejì, orúkọ nìkan ni wọ́n gé kúrú: M. F. Siebert. Wọ́n pè é! Ìwé kan náà ni, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Ìmọ̀ kan náà, ìrírí kan náà.

Ọkùnrin kan wà ní Wall Street nígbà náà, Gerald Tsai. Ìlú Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti bí i, ó sì jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú àwọn tó ń bá aráàlú dá owó jọ ra ṣíà. Muriel bi í léèrè pé iléeṣẹ́ ńlá wo lòun lè lọ tí wọ́n ó ti san ohun tó tọ́ sí òun. Tsai dá a lóhùn pé kò sí. Ó ní kó ra àyè tirẹ̀ ní ọjà, kó máa ṣe ti ara rẹ̀. Muriel ní kó má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Tsai ní òun kò rò pé òfin kankan lòdì sí i.

Ẹ̀yin ará, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín, kó padà sí ìdí tábìlì rẹ̀. Muriel mú ìwé òfin ọjà náà lọ sílé, ó jókòó, ó kà á. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé wò lónìí nìyẹn. Kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni, kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ka ìwé. Ó kà á bó ṣe ń ka ìwé ìṣirò owó, kò sì rí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé obìnrin kò gbọdọ̀ ra àyè. Kò sí níbẹ̀! Ọdún márùndínlọ́gọ́sàn-án ni gbogbo ayé fi ń tẹ̀lé òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ.

Ó wá lọ béèrè àyè. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ní onígbọ̀wọ́. Nínú ọkùnrin mẹ́wàá tó kọ́kọ́ bẹ̀, mẹ́sàn-án ló kọ̀. Àwọn tí wọ́n ń jẹ èrè ìmọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ wà nínú wọn. Ó ń bá a lọ títí ó fi rí àwọn tó gbà.

Ṣé ó tán? Ó kù. Àwọn alákòóso ọjà ní kí ó lọ mú lẹ́tà wá láti báǹkì, pé báǹkì yóò yá a ní dọ́là 300,000 nínú owó àyè náà. Wọn kò béèrè irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí ṣáájú rẹ̀. Ó gba báǹkì lọ. Báǹkì ní, "Kí ọjà kọ́kọ́ gbà ọ́ ná, kí a tó ṣèlérí owó." Ó padà sọ́dọ̀ àwọn alákòóso ọjà. Wọ́n ní, "Mú lẹ́tà báǹkì wá ná, kí a tó gbà ọ́." Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi ti dúró lórí irú okùn bẹ́ẹ̀ rí ní ọ́fíìsì kan tàbí òmíràn, níbi tí tábìlì kìíní ń ní kí ẹ lọ sí ìkejì, tí ìkejì ń ní kí ẹ padà sí ìkíní.

Kí ló tú u? Kò jáwọ́ nínú lílọ bíbọ̀, títí báǹkì Chase Manhattan fi gbà láti yá a lówó náà. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá, ọdún 1967, ọjà New York gbà á wọlé. Dọ́là 445,000 ni àyè náà. Owó ńlá ni lónìí. Ní ọdún 1967, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbèsè sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, lórí obìnrin kan ṣoṣo tí kò ní ọkọ tí kò ní bàbá tí yóò bá a san án.

Ọkùnrin 1,365, obìnrin kan. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó kàn wá: ọdún 1970 ni wọ́n tó gba ènìyàn dúdú àkọ́kọ́, Joseph Searles, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ná ọjà nínú gbọ̀ngàn náà. Ọ̀rọ̀ pé ta ló lè wọlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ìyà tán nígbà tó wọlé tán. Ilé oúnjẹ kan wà ní àjà keje ilé ọjà náà, níbi tí àwọn alágbàtà ti ń jẹun ọ̀sán, tí wọ́n ti ń dúnàá-dúrà. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin níbẹ̀. Bí ara bá ń ni Muriel, àfi kó dìde láàárín oúnjẹ, kó wọ lífìtì, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ibòmíràn. Ṣé ọdún kan ni? Ogún ọdún ni! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ọdún 1987, ó sọ fún alága ọjà náà pé bí wọn kò bá kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin sí àjà keje kí ọdún tó parí, òun yóò ní kí wọ́n gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká wá síbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ. Ẹ ro ó wò. Òun ló ni iléeṣẹ́ tirẹ̀, ó ti ṣe iṣẹ́ ìjọba ńlá tí màá sọ fún yín láìpẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí àwọn ènìyàn bá ní kí ló dé tí àwọn obìnrin kò pọ̀ ní ibi iṣẹ́ kan, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ rántí pé mo ní kí ẹ fi ohun kan sọ́kàn láti ọdún 1792. Kí ni? Owó iṣẹ́ tí àwọn alágbàtà dá. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba iye tó kéré sí i. Èyí kì í ṣe bíi ti obìnrin o. Òfin yìí wà nínú ìwé, wọ́n sì ń tẹ̀lé e. Ta ló ń jẹ èrè rẹ̀? Àwọn alágbàtà ni. Ta ló ń san án? Olùkọ́ tó ra ìwọ̀nba ṣíà díẹ̀, opó tó fẹ́ ta ìwọ̀nba tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Kò sí ìdúnàá-dúrà níbẹ̀.

Ìjọba Amẹ́ríkà wá fòpin sí i. Láti ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún, ọdún 1975, wọ́n ní kí alágbàtà kọ̀ọ̀kan máa dá iye tirẹ̀. Àwọn ńláńlá ní Wall Street dúró, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Muriel kò dúró. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ní òun ti dín owó tòun kù. Ó ya àwòrán sínú ìwé ìròyìn fún ìpolówó: òun rèé pẹ̀lú àlùmọ́gàjí, ó ń gé owó ọgọ́rùn-ún dọ́là sí méjì. Ẹni tó rí i kò nílò àlàyé kankan.

Kí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe? Inú bí wọn. Lẹ́yìn tí alágbàtà bá ná ọjà tán, iléeṣẹ́ kan wà tó ń bá a ṣètò ìwé àti owó, tí ṣíà yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Iléeṣẹ́ tó ń bá Muriel ṣe tirẹ̀ ní àwọn kò ṣe mọ́. Bí kò bá rí òmíràn, ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò tì. Ó wá a títí ó fi rí i. Ní tèmi, ọjọ́ yìí tóbi ju ọjọ́ tó ra àyè lọ. Nígbà tó ra àyè, ara rẹ̀ ló ń jà fún. Ní ọdún 1975, òun náà ti wà nínú àwọn tó ń jẹ nínú owó tí wọ́n dá yẹn. Ó lè jókòó, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ó gé e kù fún ẹni tí kò lówó púpọ̀, ó sì fi iléeṣẹ́ tó jẹ gbèsè kọ́ wewu. Èmi kò mọ ọ̀pọ̀ olówó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1977, Gómìnà Hugh Carey pè é kó wá jẹ́ ọ̀gá tí yóò máa bójú tó àwọn báǹkì ní ìpínlẹ̀ New York. Obìnrin kankan kò dé ipò yẹn rí. Ó fi iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti máa darí, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ó ń fi ipò ìjọba ṣòwò ara rẹ̀. Àkókò yẹn le fún àwọn báǹkì, nítorí èlé orí owó ga sókè lọ́nà tó ń dẹ́rù bani. Títí ó fi kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1982, kò sí báǹkì kan lábẹ́ àbójútó rẹ̀ tó kógbá sílé. Báǹkì tí kò lágbára, ó ń mú kí ó dara pọ̀ mọ́ èyí tó lágbára. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi owó pamọ́ sí báǹkì rí, tí ẹ sì jí lọ́jọ́ kan bá ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní títì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó gbé àpótí ìbò lọ́dún náà, ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú Republican fa òun kalẹ̀ fún ilé aṣòfin àgbà. Wọn kò mú un. Ó padà sí iléeṣẹ́ rẹ̀, ó bá a pé òwò ti rọ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ró. Ní ọdún 1996, ó mú iléeṣẹ́ náà wọ ọjà ṣíà Nasdaq, nípa dídarapọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ àga àti tábìlì kan tó ti wà lórí ọjà náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ń ta ṣíà àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ yìí wá, aráàlú wá ń ra ṣíà tirẹ̀.

Nígbà tí ó ti dàgbà, ajá kékeré kan a máa tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì. Orúkọ ajá náà ni Monster Girl. Ohun tó sì ká a lára jù nígbà náà ni pé àwọn ọmọ ń jáde ilé ẹ̀kọ́ láì mọ bí báǹkì ṣe ń ṣiṣẹ́, láì mọ ohun tí èlé orí gbèsè ń ṣe fún ènìyàn. Ó náwó, ó nára, kí wọ́n lè máa kọ́ wọn ní ìmọ̀ owó ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ New York. Ọjọ́ 24, oṣù Kẹjọ, ọdún 2013 ló kú, ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí náà. Ọdún wo ni obìnrin kọ́kọ́ dá jẹ́ ààrẹ ọjà ìpín ìdókòwò New York? Ọdún 2018 ni, Stacey Cunningham. Ní Nàìjíríà wa ńkọ́? Ọdún 2000 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ndi Okereke-Onyiuke ti di ọ̀gá àgbà ọjà ìpín ìdókòwò tiwa. A ṣáájú New York. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá tún sọ fún ọmọbìnrin yín pé ọ̀rọ̀ ṣíà kì í ṣe ti obìnrin nílẹ̀ wa, ẹ mọ ohun tí ẹ ó fi dá a lóhùn.

Àkókò ti ń lọ. Kí n tó dákẹ́, ẹ̀yin kan kọ̀wé pé ẹ fẹ́ ra ṣíà, ẹ kò sì mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Alágbàtà ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. Ẹ bi í pé ṣé ó ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò, kí ẹ sì wádìí lọ́dọ̀ àjọ náà fúnra yín pé òtítọ́ ni. Ẹ bi í pé èló ni owó iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá ń rà àti bí ẹ bá ń tà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ní, "Bí gbogbo wa ṣe ń gbà á nìyẹn," ẹ ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín. Ẹ ka ìwé tí wọ́n bá gbé fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ó mú ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n tó lè kà á dání.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ nípa èrè orí ṣíà tí àwọn ìdílé kan kò tíì lọ gbà, pàápàá ti àwọn òbí tó ti di olóògbé. Ẹ wá gbogbo ìwé ṣíà àtijọ́ tó bá wà nínú àpótí jáde kí ọjọ́ náà tó pé.